Lẹ́tà Kan Láàárín Adití àti Òkú

Dakota, Amẹ́ríkà
Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá, 1911

Ìyá mi,

Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú àdájókòó nídìí ààrò lálẹ́.

Tẹligíráàmù yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́sàn-án àná. Ọkùnrin tó ń tajà lẹ́bàá ojú irin ló gun ẹṣin mú un wá bá mi nínú oko. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀: FAR DOD KOM. Wọn kò ní lẹ́tà ø ti èdè wa nínú ẹ̀rọ wọn níbí, O lásán ni wọ́n ń fi dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Bàbá kú, máa bọ̀. Mo jókòó sórí kẹ̀kẹ́ tí mo fi ń kó àlìkámà, àwọn ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ohun tí mo fẹ́ tà, n kò lé wọn.

Kí ló pa wọ́n? Ṣé ó pẹ́ lára wọn? Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ẹ má tẹ tẹligíráàmù mọ́, owó ọ̀rọ̀ kan tó owó iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Ìyá mi, ẹ má bínú, n kò ní í wá. Kí lẹ́tà yìí tó dé, àwọn ará àfonífojì ti sin wọ́n tán, wọ́n ti jẹ, wọ́n ti mu, wọ́n ti fọ abọ́. Kí ni mo fẹ́ wá ṣe? Láti wá wo erùpẹ̀? Owó ọkọ̀ lọ bọ̀ á ra màlúù mẹ́ta. Ọdún kan péré ló kù kí ìjọba fún mi ní ìwé ilẹ̀ yìí, bí mo bá sì filé sílẹ̀ pẹ́, ilẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mons aládùúgbò wa ti ń wo oko Lio láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú. Ẹ tà á fún un. Èmi àkọ́bí ni ẹ̀tọ́ ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi lẹ́tà yìí yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ mi. Kó san owó náà pé, kó sì kó wọlé ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin, bí gbogbo ayé lọ́dọ̀ wa ti ń kó ilé lọ́jọ́ náà.

Nísinsìnyí tí Bàbá kò lè gbọ́ mi mọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí n kò lè sọ lójú wọn. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ẹ ti gbé àpò oúnjẹ mi ṣíwájú lọ sí èbúté. Mo dúró lẹ́nu géètì, mo kígbe pé, “Bàbá, mo ń lọ o!” Wọ́n wà nídìí òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n dòjé, wọ́n kẹ̀yìn sí mi. Wọn kò yíjú. Mo tún kígbe. Wọn kò yíjú. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe mí ní gbogbo ìgbà èwe mi: mo bi wọ́n, wọn kò dáhùn, mo pè wọ́n, wọn kò wá. Orúkọ tí mo fún wọn nínú mi ni doven. Ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ tó ń ṣe ìmẹ́lẹ́ láti ya ẹnu dá ọmọ rẹ̀ lóhùn. Kò dára kí a sọ bẹ́ẹ̀ sí òkú, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ọmọ yín,
Sjur


Lio, Sogn
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kọkànlá, 1911

Sjur ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ara wa le, pàápàá ara òkú tí o sin.

Bàbá rẹ kò kú. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó wà níwájú mi, ó ń bó pòtétò, ó sì ń bó o nípọn jù. V ni mo sanwó fún, Sjur. DØV ni mo kọ fún wọn ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Etí bàbá rẹ ti di pátápátá, ohun tí mo ní kí wọ́n sọ fún ọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni mo kọ́kọ́ kọ. Nígbà tí mo gbọ́ iye owó, mo yọ orúkọ rẹ kúrò nítorí o mọ orúkọ ara rẹ. Ta ló mọ̀ pé ibi tí mo ti ń ṣọ́wó ná ni ẹnìkan nínú òkun ti máa fi D rọ́pò V mi? Mo béèrè bóyá wọ́n á dá owó náà padà. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ohun tó burú jù kọ́ nìyẹn. Bàbá rẹ ló lọ gba lẹ́tà rẹ ní èbúté. Orí ìdúró ló ti kà á tán. Ó wọlé, ó yọ fìlà, ó sì fi ohùn rara tó ń lò báyìí kígbe pé, “Ìyá Sjur, ìgbà wo ni mo kú?”

Mo rò pé àwàdà ni. Ó kó lẹ́tà náà lé mi lọ́wọ́, ó dúró tì mí títí mo fi ka ibi géètì, títí mo fi ka ibi doven. Ó ní, “Ọmọ rẹ ti yọ̀ǹda. Mons ló ni Lio.” Lọ́jọ́ kejì ó lọ sọ fún Mons pé kó mú ìwé wá lẹ́yìn Kérésì. Wọ́n bọra wọn lọ́wọ́ lé e lórí.

Mo fẹ́ kí o mọ ìdí tí mo fi tẹ tẹligíráàmù. Ibà mú un lóṣù kẹjọ, nígbà tó lọ, ó kó ìyókù etí rẹ̀ lọ. O mọ okùn irin tí a fi ń ju koríko gbígbẹ sílẹ̀ láti orí òkè. O mọ̀ pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ kì í wòkè, etí ló ń lò: okùn á kọ́kọ́ ké kí ẹrù tó dé. Bàbá rẹ ló wà nísàlẹ̀. Lóṣù kẹsàn-án, ẹrù kan bọ́ sílẹ̀ kí ó tó kúrò níbẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kọjá, ó sì gbé fìlà rẹ̀ lọ. Èmi kígbe, Mons náà kígbe lókè. Òun kàn ń ká okùn rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Mons sọ̀ kalẹ̀ wá. Ó na ọwọ́ sí etí bàbá rẹ, ó ní, “Botolv, øre méjì péré lo pàdánù, kí lo ń kárí sọ sí?” O mọ̀ pé øre ni etí, øre náà sì ni kọ́bọ̀ wa. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Bàbá rẹ rí ẹnu wọn tó là, òun náà rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tó ń rín. Ẹ̀rín yẹn ló mú mi lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́.

Láti ìgbà tó ti ka doven nínú lẹ́tà rẹ, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti wà nídìí okùn. Igi ni wọ́n ń jù sílẹ̀ báyìí. Bí mo bá ní kó dúró, ó ní ṣé òun ni wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ.

Mo bẹ̀ ọ́, máa bọ̀ kí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin tó pé. Tí o bá ti sin ín lẹ́ẹ̀kan, má jẹ̀ẹ́ kí a tún un ṣe.

Ìyá rẹ,
Synneva


Dakota
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejìlá, 1911

Ìyá mi,

Ẹ kú ewu, ẹ kú orí ire.

Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo tún bínú. Àwọn ará wa níbí ti ṣe ìsìn fún Bàbá. Wọ́n gbé àkàrà òyìnbó mẹ́rin wá bá mi dárò, mo sì ti jẹ mẹ́ta. Èwo ni kí n dá padà? Ẹnìkan tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú àwọn aládùúgbò mi ní kí n má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, pé nínú èdè tiwọn náà, lẹ́tà kan ṣoṣo ló ya adití kúrò lára òkú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ yìí bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ibà oṣù kẹjọ ọdún yìí ló di etí Bàbá. Ọdún méje sẹ́yìn ni mo dúró lẹ́nu géètì. Ibà tí kò tí ì dé kò lè di etí ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbọ́ mi lọ́jọ́ náà, wọn kò sì yíjú. Nítorí náà mo tọrọ àforíjì pé mo pè wọ́n ní òkú, ṣùgbọ́n n kò kó doven jẹ.

Ẹ tún sọ pé kí n máa bọ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Bàbá kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ka lẹ́tà mi tán, Mons ni wọ́n lọ bá, wọn kò bá mi wí, wọn kò bú mi, wọn kò kọ ìlà kan. Ẹ ní kí n fi ilẹ̀ tó kù díẹ̀ kó di tèmi sílẹ̀, kí n wá dúró nísàlẹ̀ okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí kò pè mí. Ta ni mo fẹ́ wá bá ṣiṣẹ́? Ẹ̀yìn rẹ̀?

Ẹ bẹ Mons kó fi ẹlòmíràn sídìí okùn. Ẹ gba owó rẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì máa bọ̀.

Sjur


Lio
Ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní, 1912

Sjur,

Mo kí ọ kú ọdún. Ojú ìwé méjèèjì ni mo kọ sí, fara balẹ̀ kà á.

Ìṣirò rẹ pé. Ṣùgbọ́n èmi tí mo kọ́ ọ ní ìṣirò ti fi nọ́ńbà kan pamọ́ fún ọ, bàbá rẹ ló sì ní kí n fi pamọ́. Kì í ṣe ibà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. O kò tí ì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà tí bàbá rẹ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ẹ̀tù fọ́ àpáta kí ojú irin lè gba inú òkè. Ìgbà yẹn ni etí ọ̀tún ti lọ. Èyí òsì ń tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Bí o bá sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀, á mú un. Bí o bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó dà bí ẹni pé o bá ògiri sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí wọn kì í fi adití sídìí ẹ̀tù. Nígbà tí iṣẹ́ ojú irin parí, mo ní, ṣé a lè wí báyìí? Ó ní rárá. Ó ní, “Ṣé o fẹ́ kí wọ́n pè mí ní døv láàárín ọjà? Bí ẹni pé n kò wúlò mọ́ ni.” Ìtìjú ọ̀rọ̀ yẹn ló fi dákẹ́ lé ọ lórí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì Kérésì ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí. Tíṣà Eikeland wá kí wa. Mo bu ọtí Kérésì fún wọn, ẹ̀bi mi ni, ìkòkò tí mo ti ṣí tipẹ́ ni mo kọ́kọ́ bù nítorí n kò fẹ́ dà á nù. Bàbá rẹ tọ́ ọ wò, ó pariwo pé, “Ìyá Sjur, ọtí yìí ti di doven, kò hó mọ́!” Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó sọ̀rọ̀ kan sínú ife.

“Kí lo sọ?” ni bàbá rẹ bi í. “Má sọ̀rọ̀ sínú ife. Kọ ọ́.” Ó ti síléètì tí a fi ń bá a sọ̀rọ̀ sí i.

Tíṣà kọ ọ́ pé ìyá kan náà ló bí døv àti doven. Ó ní àwọn baba ńlá wa ní ọ̀rọ̀ kan, daufr, ohun tí ẹnu rẹ̀ ti kújú tàbí tí agbára rẹ̀ ti lọ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀: ọtí tí kò hó mọ́, ẹsẹ̀ tó sùn tí kò mọ ìfọwọ́kàn, etí tí ohùn kò wọ̀. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọ̀rọ̀ náà bá etí lọ, èkejì bá ọ̀lẹ lọ, àwọn èèyàn sì gbàgbé pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n.

Mo gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ Tíṣà, mo kọ ọ́ pé, “Død ńkọ́?”

Ó ní, “Ẹ má wulẹ̀ mú ìyẹn wá síbí, màmá. Ìdílé mìíràn ni. Wọ́n kàn jọra lójú ni.”

Bàbá rẹ ka síléètì náà, ó tún un kà. Ó ní, “Ọmọ yẹn kò parọ́ mọ́ mi nígbà náà. Orúkọ mi ló pè. Àbúrò rẹ̀ ló kàn fi pè mí.”

Ara mi kò gbà á mọ́. Mo nu síléètì, mo kọ ọ́ pé: Ọjọ́ tó ń lọ, ó pè ọ́ lẹ́nu géètì. Ẹ̀ẹ̀mejì.

O rò pé nígbà tó ka lẹ́tà rẹ lóṣù kọkànlá, ó ti mọ èyí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun rò pé ìbínú ló mú ọ kọ ọ́. Ó wò mí lójú. “Ó pè mí ní tòótọ́? Kí ni ìwọ náà mọ̀? O wà ní èbúté.”

Mo kọ ọ́ pé: Ìyàwó Mons gbọ́ ọ láti inú ọgbà wọn. Ó sọ fún mi lọ́sẹ̀ náà.

Sjur, ó fi ọwọ́ méjèèjì di tábìlì mú. Ó ní, “Mo gbójú sókè lórí òkúta, ó ti kọjá ilé ọkọ̀. Mo ní ọmọ náà lọ láìdágbére. Ọdún méje ni mo fi ń sọ pé ó lọ láìdágbére.” Lẹ́yìn náà ló fi ohùn tó kéré, tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà ibà, bi mí pé, “Ọ̀rọ̀ wo ló sọ?”

Mo kọ ọ́ fún un. Tíṣà gbé fìlà rẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n o mọ irú ẹni tí bàbá rẹ jẹ́. Ó ti bọ Mons lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní òun kò lè gba ọ̀rọ̀ òun padà àyàfi tí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀tọ́ náà padà. Òun kò sì ní í bẹ̀ ọ́, nítorí kò sí ohun tó mọ̀ tó lè fi san ọdún méje. Kọ̀wé sí i. Má kọ ọ́ sí mi.

Synneva


Lio
Ọjọ́ kejìlá oṣù kejì, 1912

Sjur,

Kò sí lẹ́tà. Yìnyín ti dí ojú omi, ọkọ̀ méjì ni kò dé. Mò ń sọ fún ara mi pé yìnyín ni.

Igi láti orí okùn ti ba bàbá rẹ lọ́jọ́ Ẹtì. Egungun èjìká òsì ṣẹ́. Ó wà láàyè, mo kọ ọ́ ní gbangba kí o má bàa ṣi èyí náà kà: ó wà láàyè. Mons mú ìwé wá síbi ibùsùn rẹ̀, ó gbé gègé tì í. Mo ní, “Mons, ọwọ́ wo lo fẹ́ kó fi kọ ọ́?”

Ó ní, “Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣẹ́, Synneva.”

Bàbá rẹ ní kó fi ìwé náà sílẹ̀ títí oṣù kẹta yóò fi parí. Mons ní òun kò ní í dúró ju ọjọ́ náà lọ, òun ti dúró fún ogún ọdún. Nígbà tó lọ, mo kọ ọ́ sórí síléètì pé, “Bí Sjur kò bá dáhùn ńkọ́?” Bàbá rẹ ní, “Ó ń ṣírò ni. Jẹ́ kó ṣírò.”

Bí o bá ti pinnu pé o kò ní wá, kọ ìyẹn náà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ti tó nílé yìí.

Ìyá rẹ


Dakota
Ọjọ́ kẹta oṣù kejì, 1912

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Mo ń kọ̀wé sí yín fúnra yín fún ìgbà àkọ́kọ́, n kò sì mọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Lẹ́tà Ìyá mi dé lánàá. Mo kà á nínú ilé ẹṣin. Mo ti ṣírò tán, kò gba àkókò.

Èmi Sjur, àkọ́bí yín, gba ẹ̀tọ́ mi lórí oko Lio padà. Ẹ fi ìlà yìí han Mons. Ẹ má fọwọ́ sí ohunkóhun. Aládùúgbò mi yóò gba ilẹ̀ ibí lọ́wọ́ mi. Ohun tó fẹ́ san kéré sí iye tó tọ́, mo sì ti gbà á. Ọkọ̀ mi yóò kúrò ní New York ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta. Kí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin tó pé, màá ti wà ní Bergen.

Ẹ kúrò nídìí okùn títí n ó fi dé. Kì í ṣe pé mo ń pàṣẹ fún yín.

Bàbá, n kò tí ì bá ẹni tí etí rẹ̀ di sọ̀rọ̀ rí, àfi ẹ̀yin, n kò sì mọ̀ pé òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ṣé kí n máa kígbe? Ṣé kí n máa kọ ọ́? Ẹ sọ bí ẹ ṣe fẹ́ kí n ṣe é.

Ọmọ yín,
Sjur


Lio
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kejì, 1912

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé lónìí, àwọn ọkọ̀ tó há sínú yìnyín dé pọ̀. Má ka lẹ́tà tí mo kọ ṣáájú èyí sí mi lọ́rùn.

Bàbá rẹ ránṣẹ́ pe Mons, ó tẹ́ lẹ́tà rẹ sórí tábìlì, ó fi ìka tẹ ìlà náà. Mons kà á. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ tí n kò lè kọ sínú ìwé tí mo fi owó mi rà. Bàbá rẹ ti kẹ̀yìn sí i, ó ń fi igi síná. Kò gbọ́ ẹyọ kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo dúpẹ́ fún etí náà.

Mons kó ìwé rẹ̀ lọ. Ó gbàgbé gègé rẹ̀, òun ni mo fi ń kọ èyí.

Bàbá rẹ ní kí n ṣẹ́ ìsàlẹ̀ ìwé kù fún òun. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ yìí.

Synneva

Sjur,

Má kígbe, igbe kò wúlò. Ẹnu ni mò ń wò báyìí, mo sì ń mọ̀ ọ́n sí i. Ṣùgbọ́n nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, irùngbọ̀n bo gbogbo ètè rẹ. Fá a kí o tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Màá wà ní èbúté. N kò fẹ́ ṣi ọ̀rọ̀ tí o bá kọ́kọ́ sọ gbọ́.

Bàbá rẹ,
Botolv